Ọ̀dà funfun, igi pupa: bí mo ṣe kun kọ́bọ́ọ̀dù màmá mi

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni mo rí i. Lálẹ́ àná ẹ̀ mo ti fi ọ̀dà funfun kùn ún lẹ́yìn tí práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, gbẹ, ó mọ́ lóló, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀ kí n tó lọ sùn, àfi bí mo ṣe jí, tí mo ṣí fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo rí i pé ara ẹ̀ ti ń pọ́n. Kì í ṣe gbogbo ara ẹ̀ o, ó wà níbì kan, kò sí níbì kan, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí àmì ẹ̀ ò lọ tán. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi aṣọ rírin nù ún, kò lọ. Mo ní kò burú, mo bu ọ̀dà, mo tún kùn ún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ pupa náà ti tún yọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibi tí mo ti ṣì í ti wà kí ọjọ́ kẹrin tó dé.

Kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin ni, ti màmá mi, ó ti wà nínú yàrá wọn kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀gànwó gidi ni wọ́n fi ṣe orí ẹ̀ àti ojú àwọn dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni puláíwúùdù tí wọ́n lẹ awẹ́ ọ̀gànwó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́. Orí ẹ̀ kún fún àmì, òrùka òrùka tí ife omi fi sílẹ̀, àti ibì kan tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ti jó dúdú. Fáníìṣì ara ẹ̀ ti ṣú, ó ti ń ṣí, ọwọ́ dúrọ́ọ̀ kan ti já, awẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ kan sì ti ń yà kúrò nísàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e jù síta. Mo ní, "Ẹ má gbé e jù mà, ẹ fún mi, màá tún un ṣe." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?" Mo ní mo ti kun àga méjì àti tábìlì kékeré kan rí. Wọ́n ní, "Ó dáa, gbé e lọ, àmọ́ má kánjú, má sì bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Kí n tó fọwọ́ kàn án rárá, ó ní ohun kan tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ méjì láyé ọjọ́un, ọ̀dà náà sì ti ń bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré irú nǹkan báyìí. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé lọ́dún 1978, orílẹ̀-èdè kálukú ló sì ní ìgbà tirẹ̀, ìyẹn ni pé fọ́níṣọ̀ tó bá ti dàgbà tó ti màmá mi yìí, èèyàn ò lè fojú lásán wò ó kó sọ pé kò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, eruku ẹ̀ á wọ imú, á bà sílẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń rá, ọpọlọ ọmọdé ni òjé sì máa ń bà jẹ́. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí òjé níbẹ̀, ara mi wá balẹ̀. Síbẹ̀ náà mo bu omi rin àwọn ibi yẹn kí n tó ha wọ́n, mo sì wọ ìbòmú tó dáa, kì í ṣe aṣọ tí èèyàn kàn so mẹ́nu.

Mo yọ àwọn dúrọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yọ ọwọ́ wọn, mo kó súkúrúù wọn sínú ọ̀rá, mo kọ̀wé sára ọ̀rá náà. Mi ò fi àmì kankan sára àwọn dúrọ́ọ̀ fúnra wọn. Ọgbọọgba ni wọ́n lójú mi, mo rò pé èyíkéyìí á wọ ibikíbi. Màá padà sórí ìyẹn.

Fífọ̀ ló kàn. Nínú gbogbo iṣẹ́ kíkun fọ́níṣọ̀, òun ni kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn pé òun ni mo ka sí jù báyìí. Ara kọ́bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ ní òróró ọwọ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń di dúrọ́ọ̀ mú, ó ní ìpara, ó ní èéfín, ó tún ní pọ́líìṣì tí wọ́n ń fín sí i láti ọdún mọ́dún kó lè máa dán. Pọ́líìṣì yẹn ló le jù, torí púpọ̀ nínú wọn ní sílíkóònù nínú, tó bá sì kù bíńtín lára igi, ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lé e á máa sá fún un, á máa lanu ní ihò róbótó róbótó bí ojú ẹja. Ó ṣẹlẹ̀ sí tábìlì kékeré tí mo kọ́kọ́ kùn, mo kùn ún kùn ún, ihò yẹn ò dí, mo sì ń dá ọ̀dà lẹ́bi nígbà yẹn. Torí náà lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tó ń gé òróró, mo fi omi tó mọ́ nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá fi aṣọ tí mo rin sínú sípíríìtì nù ún kẹ́yìn. Omi àkọ́kọ́ dúdú. Omi kejì kò dúdú mọ́, ó pọ́n ni. Mo rí i pé ó pọ́n, mo ní ìdọ̀tí náà ṣì ń jáde, mo dà á nù, mo kọjá lọ. Igi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà, mi ò gbọ́.

Awẹ́ igi tó yà nísàlẹ̀ yẹn, mo fi àtè igi sí abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ọ̀rá bò ó kó má bàa lẹ̀ mọ́ nǹkan míì, mo gbé ìwé ńláńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyẹn lọ dáadáa.

Sáńpépà wá kàn. Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí, bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe ń ga sí i ló ń kúnná sí i. 120 ni mo fi pa dídán ara ẹ̀, 220 ni mo fi mú un jọ̀lọ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n ha fáníìṣì náà tán pátá, kó má ti dán mọ́ ni wọ́n ń wá, kí ọ̀dà rí ibi dì mọ́. Bí iṣan igi bá ṣe lọ ni kí ọwọ́ náà máa lọ, tí wọ́n bá ha á lábùú, ìlà ẹ̀ á hàn lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ̀gbẹ́ tó ní awẹ́ igi ni kí wọ́n ṣọ́ra fún jù, awẹ́ yẹn fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè ha á já kó tó mọ̀, mo sì ha á já létí ibì kan, mo kàn rí i tí igi funfun yọjú láti ìsàlẹ̀, inú mi bàjẹ́ gan an lọ́jọ́ yẹn, torí mo ti ń sọ fún ara mi pé kí n dẹwọ́ níbẹ̀, ọwọ́ mi ò gbọ́. Mo fi pútì dí i. Ihò ọwọ́ dúrọ́ọ̀ tó já náà, pútì ni mo fi dí i, mo jẹ́ kó gbẹ, mo ha á kó tẹ́jú.

Nígbà tí mo débi orí ẹ̀, mo ní láti lo èyí tó le jù, nọ́ńbà 80, torí òrùka omi yẹn. Mo ha á títí fáníìṣì tó ṣú yẹn fi lọ, igi abẹ́ ẹ̀ sì yọ, pupa tó mọ́, iṣan ẹ̀ ń lọ bí omi tó ń ṣàn. Mo dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́. Àmì áyọ́ọ̀nù yẹn nìkan ni kò lọ, ó ti jó wọlé jìnnà. Mo wò ó tán o, mo sì tún gbé práímà mo fi bò ó, torí funfun ni mo ti sọ pé màá kùn ún, àwòrán funfun ni mo ń rí níbi gbogbo, ọkàn mi ti wà níbẹ̀, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kankan.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ kẹrin.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni mo wá lóye lẹ́yìn tí mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn igi kan ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní táníìnì, ọ̀gànwó ní in, igi oak náà ní in. Omi ló máa ń yọ́ ọ. Práímà tí mo lò, olómi ni, omi inú ẹ̀ wọ inú igi lọ, ó yọ́ táníìnì, bí omi náà sì ṣe ń gbẹ ló ń fà á gòkè wá sójú. Ọ̀dà funfun tí mo tún ń kùn lé e, olómi lòun náà, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń bo pupa náà mọ́lẹ̀, omi ni mò ń gbé fún un kó tún fi gun òkè wá. Mo lè kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á máa yọ ni. Omi ìfọ̀ kejì tó pọ́n yẹn, òun náà ni.

Ohun tó ń dá a dúró ni práímà tí wọ́n fi ṣẹ́láàkì ṣe. Kòkòrò kékeré kan ló ń ṣe ṣẹ́láàkì sára ẹ̀ka igi, ní Íńdíà àti Tailandi ni wọ́n ti ń kó o jù, sípíríìtì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, kì í ṣe omi, torí náà kò ní yọ́ táníìnì, á kàn dì í pa sínú igi níbẹ̀. Ó máa ń tètè gbẹ, kò tó wákàtí kan tí èèyàn fi lè kun èkejì lé e. Òórùn ẹ̀ le o, mo ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, mi ò jẹ́ kí iná kankan wà nítòsí. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi kùn ún, sípíríìtì ni mo fi fọ̀ ọ́, torí tí èèyàn bá kì í bọ omi, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Mo ha ara kọ́bọ́ọ̀dù náà fẹ́ẹ́rẹ́, mo kun ṣẹ́láàkì lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró di ọjọ́ kejì. Kò sí pupa. Mo dúró ọjọ́ kan sí i torí mi ò gbà á gbọ́. Kò sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣebí Chalk Paint wà, èyí tí Annie Sloan, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe ọ̀dà, gbé jáde lọ́dún 1990, tí wọ́n ní kò nílò sáńpépà kò nílò práímà. Ọ̀dà tó dáa ni, ó máa ń dì mọ́ nǹkan gan an, mo ti lò ó fún àga, mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń rí bí ẹfun lójú. Àmọ́ dídì mọ́ igi yàtọ̀ sí dídá táníìnì dúró, lórí ọ̀gànwó, òun náà á pọ́n bí wọn ò bá fi ṣẹ́láàkì sábẹ́ ẹ̀. Ó sì tún ń fẹ́ ìda tàbí fáníìṣì lórí.

Àárín ìgbà tí mò ń dúró yìí ni màmá mi pè mí. Wọ́n ní, "Báwo ni kọ́bọ́ọ̀dù mi?" Mo ní, "Ó ń lọ mà, pupa ló ń yọ lára ẹ̀." Wọ́n ní, "Igi pupa ni, kí lo fẹ́ kó yọ?" Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ pátá náà ni wàá fi funfun bò?" Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rí i sọ. Mo ní màá pè wọ́n padà.

Ẹ wò ó, ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń di iṣẹ́ ọnà nìyẹn lójú tèmi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ha nǹkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn ún, èyí tó nira ni kí èèyàn mọ ibi tó yẹ kó kùn àti ibi tó yẹ kó fi sílẹ̀. Mo rántí orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nígbà tí mo ha á tán, bí mo ṣe dúró wò ó. Mo rí i pé mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ látìgbà yẹn, mi ò kàn fetí sí ara mi ni.

Mo gé páálí mẹ́fà, mo kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, mo gbé wọn ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mò ń wò wọ́n láàárọ̀, mò ń wò wọ́n lọ́sàn-án, mò ń wò wọ́n lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Ẹ má ṣe ra ọ̀dà agolo ńlá láìṣe èyí. Àwọ̀ eérú kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ lọ́sàn-án, nígbà tó dalẹ́ tí iná tó pọ́n díẹ̀ kàn án, ó di àwọ̀ ewé tó rọ, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Funfun fúnra ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi pupa, ńṣe ló dàbí ẹni pé ó ń pa igi náà lẹ́nu mọ́. Èyí tó dúró dáadáa láti àárọ̀ dalẹ́ ni búlúù tó ṣú, tó dàbí aṣọ tó jẹ aró dáadáa. Bí mo ṣe gbé e sún mọ́ igi pupa yẹn, pupa igi náà jí. Mo mọ̀ pé òun ni. Mo pe màmá mi padà, mo ní orí ẹ̀ á wà ní igi, ara ẹ̀ á jẹ́ búlúù, wọ́n ní, "Hẹn, ìyẹn dáa."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti kun orí náà pa. Mo fi ọjọ́ méjì gbáko ha funfun kúrò lórí ẹ̀, sáńpépà, irin tí wọ́n fi ń ha nǹkan, sáńpépà, apá mi wú. Ọ̀gànwó sì ní ihò tín-tìn-tín lára, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i, ọ̀dà ti wọ inú wọn, sáńpépà ò lè wọ ibẹ̀. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì onírun ike tó le, mo ń fà á bí iṣan igi ṣe lọ, púpọ̀ jáde, àmọ́ kò jáde tán. Nígbà tí mo nu eruku kúrò, mo rí fọ́nrán funfun tín-ín-rín tín-ín-rín nínú igi pupa náà, ó ń tẹ̀ lé iṣan igi láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo jókòó tì í. Mi ò pète ẹ̀, àmọ́ ó rẹwà, mo sì gbà pé kó wà bẹ́ẹ̀. Àmì áyọ́ọ̀nù náà, mo fi í sílẹ̀.

Kíkun búlúù wá kàn. Ọ̀dà olómi tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀kùn àti nǹkan onígi ni mo rà, kì í ṣe ti ògiri. Ọ̀dà ògiri kì í le tó, ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tí wọ́n bá gbé lé e kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo fi téèpù àti bébà bo orí ẹ̀, mo dojú kọ́bọ́ọ̀dù náà dé, mo kọ́kọ́ kun ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbé e nàró. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi wọ kọ̀rọ̀ àti etí, rólà fóòmù kékeré ni mo fi kun ibi tó fẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí wọ́n máa kùn ún, èyí tó bá nípọn á ṣàn, á sì pẹ́ kó tó le nínú. Tí wọ́n bá sì ti kun ibì kan tó ti ń fẹ́ gbẹ, kí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, kódà tí wọ́n bá rí àbùkù. Èyí nira fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ojú mi rí irun búrọ́ọ̀ṣì kan tó há síbẹ̀, mo ní kí n kàn yọ ọ́, bí mo ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ọ̀dà tó ti gbẹ díẹ̀ yẹn ká jọ, ó fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Ǹ bá ti fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí n fi sáńpépà 320 ra irun náà kúrò ní ọjọ́ kejì, kí n sì kùn ún kọjá. Kòkòrò kékeré tó bà lé e lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ṣe tiẹ̀ nìyẹn, àmì ẹ̀ ò sì hàn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kun èkejì. Afẹ́fẹ́ tutù, ara agolo ń sun omi. Tí afẹ́fẹ́ bá ti rin báyẹn, ọ̀dà olómi kì í gbẹ bó ṣe yẹ, mo ti fẹ́ kùn ún torí àyè ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ní lọ́sẹ̀ náà, àmọ́ mo pa agolo dé. Ohun tó ń jẹ àkókò nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kíkùn fúnra ẹ̀ ò ju wákàtí kan lọ, dídúró ló gbé gbogbo ọ̀sẹ̀. Èèyàn ń gbé láàárín nǹkan tí kò tíì parí, dúrọ́ọ̀ mẹ́rin ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, eruku igi wà lórí gbogbo nǹkan, àwọn tó wọlé ń béèrè pé ìgbà wo ló máa tán, ẹnì kan sì sọ fún mi pé kí ló dé tí mi ò ra tuntun. Ẹlòmíì ní kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀dà bo ọ̀gànwó, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mi ò bínú sí ẹni tó sọ ìyẹn. Tí igi bá dáa látòkè délẹ̀, tó jẹ́ fáníìṣì ẹ̀ nìkan ló bàjẹ́, èmi náà á ní kí wọ́n má kùn ún. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ti ya, tó ti ní pútì, tí ìlàjì ẹ̀ jẹ́ puláíwúùdù, ọ̀dà ló máa jẹ́ kó tún wà nínú yàrá èèyàn dípò kó wà lórí ààtàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun búlúù náà kó tó bo dáadáa, torí àwọ̀ tó ṣú lórí práímà funfun kì í tètè bo. Láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan mo ń ra á fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú 320, mò ń fi aṣọ rírin nu eruku ẹ̀. Fáníìṣì olómi tí kò ní àwọ̀ ni mo fi sórí ẹ̀ kẹ́yìn, mo rò ó ni, mi ò gbọ̀n ọ́n, torí gbígbọ̀n máa ń kó ìfófòó sí i, ìfófòó yẹn á sì gbẹ sójú ọ̀dà. Fáníìṣì elépo ńkọ́? Ó le ju olómi lọ lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń pọ́n bí oyin, tó bá wà lórí àwọ̀ funfun á sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, kò sì gbẹ kíákíá.

Orí igi náà, òróró tí wọ́n ṣe fún igi, tó ní linseed nínú, ìyẹn òróró tí wọ́n ń fún láti inú hóró ewéko kan, ni mo fi pa á. Mo dà á sí aṣọ, mo fi pa á, mo dúró díẹ̀, mo nu èyí tó ṣẹ́kù. Igi náà mu ún, pupa ẹ̀ jinlẹ̀, fọ́nrán funfun wọ̀nyẹn dúró gedegbe. Àwọn aṣọ tí mo fi nù ún, ìta ni mo sá wọn sí, ní títẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn gidi gan an. Òróró yẹn bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, tí wọ́n bá ká aṣọ náà jọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí igun ilé kan, ooru náà ò ní ríbi gbà lọ, aṣọ náà lè gbiná fúnra ẹ̀ láìsẹ́ni tó ṣáná sí i.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo ti àwọn dúrọ́ọ̀ padà sáyè wọn, torí tí mo bá fọwọ́ kàn án ó ti gbẹ. Ọ̀dà tó gbẹ àti ọ̀dà tó jinná, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ó lè gbẹ lọ́wọ́ láàárín wákàtí kan, àmọ́ kó tó jinná dénú, kó le débi tí nǹkan ò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè tó ọjọ́ 30. Mo fi dúrọ́ọ̀ sílẹ̀ ní títì pa mọ́jú, nígbà tí mo fà á láàárọ̀, ó ti lẹ̀, mo fi agbára fà á, ọ̀dà etí ẹ̀ sì bó tẹ̀ lé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo kó gbogbo wọn jáde, mo tún ibi tó bó kùn, mo sì fi wọ́n síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn kò lẹ̀ mọ́, àmọ́ méjì nínú wọn ò wọlé tán. Ìkejì há láàárín, ìkẹta ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eyín tó fẹ́ yọ. Mo rò pé igi ti wú ni. Mo ti gbé sáńpépà láti ha ẹ̀gbẹ́ wọn kí n tó yí ọ̀kan padà, mo sì rí i lẹ́yìn ẹ̀ níbi tí ọ̀dà ò dé, pẹ́ńsù, nọ́ńbà 3. Mo yí àwọn yòókù, 1, 2, 4. Káfíńtà tó ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣe é, torí ọwọ́ ló fi gé wọn, ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè tirẹ̀, wọn ò dọ́gba, wọ́n kàn jọ ara wọn ni. Mo ti fi 3 sí àyè 2. Mo pààrọ̀ wọn, wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Mo pa nọ́ńbà wọ̀nyẹn mọ́, mi ò jẹ́ kí ọ̀dà kankan kàn wọ́n.

Èyí tó ku díẹ̀ káàtó ni nọ́ńbà 4, ọ̀dà ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi tí kò yẹ kó gbà. Mo ha ibẹ̀ dé igi, mo fi àbẹ́là ra ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àti ibi tó ń gbà yọ́ wọlé, ó ń lọ.

Ó ti pé oṣù mélòó kan báyìí tó ti wà nínú yàrá wọn. Tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tẹ̀léra, nọ́ńbà 4 á tún fún díẹ̀. Mo ní kí n wá gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí i, màmá mi ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n ní àbẹ́là kan nínú dúrọ́ọ̀ òkè tí wọ́n fi ń ra á fúnra wọn.